Abíọ́nà àti Ìṣẹ́jú Kan

Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a jọ ń háyà ní Saskatoon,
tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ojú páálí mílíìkì lọ,
tí yìnyín sì ti dí i pa láti oṣù kọkànlá,
Abíọ́nà jókòó, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀,
ó ń pa ọba àwọn ẹni tí kò rí rí.

Ìṣẹ́jú kan péré fún ogun tí àwọn àgbà ń fi ọ̀sán jà.
Kí n tó tú okùn bàtà iṣẹ́ mi,
ará Bùràsílì kan ti kú.
Kí n tó bọ́ èkejì,
ọmọ Íńdíà kan ti ń wá ayaba rẹ̀ kiri.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lórí eku!
N kò rí ilé tí eku ti ń ṣọdẹ rí, àfi tiwa.
Eku dúdú yìí kò jẹ ẹ̀pà, kò jẹ àgbàdo,
ẹṣin ló ń jẹ, ilé-ìṣọ́ ló ń jẹ,
ó ń jẹ bíṣọ́ọ̀bù tòun ti fìlà orí rẹ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n inú ìwé.
Ìwé kan ṣoṣo tó ní nípa ṣẹ́ẹ̀sì
ló fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú.
Ohun tí mo rí ni pé ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í.
Alátakò ń ronú lọ́wọ́,
òun ti gbé èsì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
bí ìyàwó tó mọ ìró ọkọ̀ ọkọ rẹ̀
tó ti bu omi kó tó kan ilẹ̀kùn.
Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìkìrun ló bí i sójú títì;
láti ìgbà náà kò tíì dúró.

A máa ṣì í o.
Mo ti rí i tó fi ayaba ta ọmọ ogun lásán lọ́rẹ,
ó kàn pòṣé, ó ń bá ìjà lọ.
Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: kò mọ túúbá.
Ó lè ku ọba àti ìranṣẹ́ méjì,
á máa sá kiri bí ewúrẹ́ tó jí iṣu jẹ
títí aago ẹnìkejì yóò fi gbẹ bí kànga ọ̀gbẹlẹ̀.
Mo ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Ó ní, aago àwọn tó pa òwe yẹn kì í kà sẹ́yìn.

N kò níí purọ́ fún yín.
Sátidé kan a lọ sí ilé ìkàwé,
níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw, awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
ti tẹ́ pákó gidi, tíì nínú fílásíìkì.
Wákàtí mẹ́ta.
Bàbá náà ń wo pákó bí àgbẹ̀ ti ń wo ojú ọ̀run.
Abíọ́nà ń mi ẹsẹ̀, ó ń ka gíláàsì àjà,
sùúrù bàbá sì sé e mọ́ igun
bí yìnyín ti í sé odò, láìpariwo.
Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ọba rẹ̀ sílẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Lóru ọjọ́ náà, ìjì já wáyà àdúgbò wa.
Iná lọ. Mo rẹ́rìn-ín: «Níbí náà?»
Kò dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló kù fún un
pẹ̀lú ará Nọ́wè kan tí kò mọ̀ pé òkùnkùn bò wá.
Mo gbọ́ ìka rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́,
lórí eku tó ti kú,
ó ń sọ ọ́ lẹ́nu: ẹṣin síwájú, ọba sá, ilé-ìṣọ́, ilé-ìṣọ́…
Ó dákẹ́. Ó mí kanlẹ̀.
«Mo ti pa á.»

Nígbà tí iná dé ní ìdájí,
kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé ó fìdí rẹmi.
Ó wò ó. Ó wò mí.
Èmi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo
gbé omi tíì kaná.
N kò yára.